Ẹnu Dick Dale àti Ọwọ́ Rẹ̀

Nígbà tí Dick Dale, onígìtá ọlọ́wọ́ òsì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ọba orin surf, papòdà ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní ọjọ́ 16 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2019, lẹ́ni ọdún 81, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sunkún rẹ̀ tán, wọ́n sì padà sídìí àríyànjiyàn tí wọ́n ti ń bá bọ̀ kí ó tó kú. Apá kan ń wí pé agbéraga ọkùnrin ni, tí ó máa ń dárúkọ ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń ròyìn, tí ó sì ń gba ọlá iṣẹ́ ọlọ́wọ́ púpọ̀ sórí ara rẹ̀ nìkan. Apá kejì ń wí pé ọ̀làwọ́ ènìyàn ni, tí ó máa ń dúró lẹ́yìn eré títí ẹni ìkẹyìn yóò fi bá a sọ̀rọ̀ tán, kódà nígbà tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fetí sí ìjà yìí, nítorí mo fẹ́ràn orin ọkùnrin náà dénú, àwọn baba wa sì ti wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tí mo gbọ́ tẹnu apá méjèèjì tán, mo rí i pé kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí èyí tí ó wo ọkùnrin náà dé gìgísẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ó jẹ́ fún àwọn òǹkàwé tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì sí. Richard Monsour ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ìlú Boston ní ọdún 1937; Lẹ́bánónì ni ìdílé baba rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ti ìyá rẹ̀ sì ti ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù wá. Nínú agbo ilé àwọn ará Lẹ́bánónì wọ̀nyí ni arákùnrin baba rẹ̀ kan wà tí ó mọ oud ta, èyíinì ni ohun èlò olókùn àwọn Lárúbáwá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọdékùnrin náà ti kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ lu ìlù tí wọ́n ń pè ní tarabaki. Ẹ má gbàgbé ìlù yìí, nítorí òun ni ó fara pamọ́ sínú gbogbo ohun tí Dale fi gìtá ṣe lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1954 ìdílé wọn ṣí lọ sí gúúsù Kalifóníà, níbi tí baba rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Hughes. Ọmọ ọdún 17 náà di ará etíkun, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lórí pákó, kí ìgbì òkun lè gbé wọn láti àárín omi wá sórí iyanrìn, eré tí wọ́n ń pè ní surf, tí orin náà ti gba orúkọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Gìtá tí a so okùn rẹ̀ fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ó sì rí lò, ni ó bá dorí rẹ̀ kodò láìtún okùn rẹ̀ tò, tí okùn tí ó nípọn jù lọ fi wà nísàlẹ̀, tí èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ sì wà lókè. Okùn rẹ̀ nípọn ju ti àwọn onígìtá yòókù lọ fíìfíì, ó sì ń ta á lọ ta á bọ̀ láìsinmi, kíákíá, kíkankíkan, bí ẹni ń lu awọ ìlù, ó ní òun fẹ́ kí ìró náà jọ agbára tí òun ń mọ̀ lára nígbà tí ìgbì bá gbé òun. Onílù ni, àfi pé gìtá ni ìlù rẹ̀.

Ní ọdún 1961 ó ń ṣeré ní Rendezvous Ballroom, gbọ̀ngàn ijó ńlá kan tí ó wà ní Balboa, létí òkun ìlú Newport Beach. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé àwọn aláṣẹ ìlú kò gbà kí àwọn ọ̀dọ́ wọ ibẹ̀ bí wọn kò bá de táì mọ́rùn, tí àwọn ọmọ etíkun sì de táì náà wá láìwọ bàtà. Èrò wọ́ lọ síbẹ̀ wìtìwìtì. Ariwo tí Dale ń fẹ́ kò bá agbára àwọn áńpílífáyà ìgbà náà mu rárá: sípíkà wọn ń fà ya, òmíràn ń jóná lójú agbo. Leo Fender, ọ̀gá àwọn tí ń ṣe gìtá, tí ó ti fún ọmọkùnrin náà ní gìtá Stratocaster kan kí ó lọ fi dán ọwọ́ rẹ̀ wò, ń gba áńpílífáyà tí ó bàjẹ́, ó ń fún un ní tuntun, tuntun náà sì ń bàjẹ́. Nígbà tí ó yá, Leo Fender àti Freddie Tavares, igbákejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, lọ sí gbọ̀ngàn náà fúnra wọn, wọ́n dúró sáàárín èrò, wọ́n sì gbọ́ ohun tí àlàyé lásán kò lè mú yé wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Láti inú wàhálà yìí ni Showman ti jáde, áńpílífáyà tí agbára rẹ̀ lè dé 100 watt, pẹ̀lú sípíkà JBL tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 15. Ìdí tí mo fi fa ọ̀rọ̀ yìí gùn ni pé níbẹ̀ gan-an ni èrè àwọn ẹni mẹ́ta ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn: ẹni tí ó ní ìfẹ́ ọkàn, ẹni tí ó ní ọgbọ́n, àti ẹni tí ó fi ọwọ́ ṣe é. Bí ẹnìkan bá wí pé Dale ni ó dá áńpílífáyà alágbára sílẹ̀, àsọdùn ni. Bí ẹlòmíràn bá sì wí pé Fender ìbá ṣe é bẹ́ẹ̀ ní àkókò yẹn láìsí Dale, òun náà kò sọ òtítọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ìdí ẹjọ́ náà. Ní ọdún 1963 ilé-iṣẹ́ Capitol gbé àwo kan jáde tí a kọ orúkọ ọba sí lára, King of the Surf Guitar, Dale sì gbé adé náà wọ̀, kò bọ́ ọ mọ́ títí ó fi kú. Ó ní òun ni baba orin surf, àwọn ènìyàn sì pè é ní baba orin onígìtá olóhùn líle tí ó tẹ̀lé e, òun náà kò kọ̀. Ó ní onígìtá Jimi Hendrix kẹ́kọ̀ọ́ lára òun, pé ọ̀rọ̀ kan tí Hendrix sọ nípa orin surf nínú àwo rẹ̀ ti ọdún 1967, òun ni Hendrix ń sọ ọ́ nípa rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé òun ń ṣàìsàn kú lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ ìtàn Hendrix kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣàríwísí rẹ̀ mú àwo mìíràn wá síwájú ilé-ẹjọ́: wọ́n ní ọdún 1961 tí Let's Go Trippin' tirẹ̀ jáde, ọdún yẹn náà ni Mr. Moto jáde láti ọwọ́ àwọn Belairs, àwọn ọmọdé ilé-ìwé tí wọ́n ń ṣeré ní apá ibòmíràn létí òkun kan náà, Paul Johnson àti Eddie Bertrand ni onígìtá wọn. Wọ́n tún ní ìró gbohùngbohùn (reverb) tí ó tutù rinrin, tí gbogbo ayé fi ń dá orin surf mọ̀ lónìí, kò sí nínú Let's Go Trippin' rárá, pé Dale fúnra rẹ̀ sọ pé nítorí ohùn ẹnu òun ni òun ṣe kọ́kọ́ fẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kì í ṣe nítorí gìtá. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọjà orin surf kò sì yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi tí mo dàgbà sáàárín àwọn ènìyàn tí orin wọn kún fún oríkì, n kò lè bá àwọn aláríwísí yìí bínú sí ọkùnrin kan nítorí pé ó yin ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí olórin bá gun orí pèpéle, ohun tí a ń retí ni pé kí ó sọ ẹni tí òun í ṣe. Sunny Ade ń jẹ́ King, Ebenezer Obey ń jẹ́ Chief Commander, kò sí ẹni tí ó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Àwa tí a sì gbọ́ ìjà àwọn olólùfẹ́ Síkírù Àyìndé Barrister àti ti Àyìnlá Kollington lórí ẹni tí ó ni fújì, a mọ̀ pé irú ẹjọ́ báyìí kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn àgbà wa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó joyè àwòdì ni pé kí ó lè gbé adìẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti gbọ́ orin Misirlou láti ọwọ́ Dale mọ̀ pé adìẹ kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí a bá rí erin, kí a gbà pé a rí erin, kí a má ṣe máa wí pé nǹkan kan ni ó kọjá fìrí.

Ohun mìíràn tún wà tí a ń béèrè, tí ó ṣe pàtàkì ju ìyìn ara ẹni lọ, èyíinì ni ìbà. Olórin tí yóò bá sọ oríkì ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ júbà, kí ó júbà baba, kí ó júbà ìyá, kí ó júbà àwọn tí ó ti ń ta kí òun tó mọ ọ̀n-ọ́n ta, kí ó sì júbà ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ wà lójú agbo. Ní ibi tí mo wò ó dé, níbí ni ọ̀rọ̀ Dick Dale ti di ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò mọ ìbà. Ó ń dárúkọ Gene Krupa, onílù jáàsì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ìlù sí òun létí. Ó ń sọ̀rọ̀ Leo Fender bí ọmọ tí ń sọ̀rọ̀ baba rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé ọlọ́gbọ́n ni baba náà. Ẹ sì wo bí ó ti máa ń sọ ìtàn Misirlou, orin tí ó gbé e ga ju gbogbo orin rẹ̀ yòókù lọ. Orin àtijọ́ ni, orin àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn òkun Mẹditaréníà, tí Gíríìkì, Lárúbáwá, Tọ́ọ̀kì àti Júù jọ ń kọ. Ní ọdún 1927 Tetos Demetriades, ọmọ Gíríìkì tí ó wà ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú àwo. Ní ọdún 1941 ọmọ Gíríìkì mìíràn, Nick Roubanis, gbé e jáde ní ìlànà jáàsì, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i bí ẹni tí ó dá a. Nígbà tí ó kan Dale ní ọdún 1962, kò sọ pé òun ni òun ni ín. Ó ní ọmọdé kan ni ó bi òun léèrè lójú agbo bóyá òun lè ta odidi orin kan lórí okùn kan ṣoṣo, tí òun sì rántí arákùnrin baba òun tí ó máa ń ta Misirlou lórí okùn kan lára oud rẹ̀, ni òun bá lọ ta á bẹ́ẹ̀, àfi pé òun fi iná sí i nídìí.

Nítorí náà, ó ń júbà. Àwọn àgbà ni ó ń júbà fún, àwọn tí wọn kò lè bá a du ohunkóhun mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ há sí: àwọn Belairs àti ọ̀pọ̀ ọmọ etíkun mìíràn tí wọ́n jọ wọ inú odò orin náà ní àkókò kan náà. Ó dùn mí, nítorí àwọn ẹgbẹ́ náà kò há sí i. Nígbà tí Eddie Bertrand kúrò nínú Belairs, tí ó dá ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ sílẹ̀, Eddie and the Showmen ni ó pè é, orúkọ áńpílífáyà tí a ṣe nítorí Dale. Àwọn Beach Boys náà ta Misirlou àti Let's Go Trippin' sínú àwo wọn ti ọdún 1963. Ìyìn tí ó tọ́ sí i, àwọn ojúgbà rẹ̀ san án fún un lójú ayé rẹ̀. Ohun tí ó kù kí òun náà san padà kò pọ̀, gbólóhùn kan péré ì bá tó, n kò sì rò pé gbólóhùn náà ì bá dín adé rẹ̀ kù.

Wàyí o, kí ni a ó sọ nípa ọwọ́ rẹ̀? Àwọn tí wọ́n lọ wo eré rẹ̀ ní àwọn ọdún ìkẹyìn jẹ́rìí sí ohun kan náà láti ìlú dé ìlú: bí eré bá parí, ọkùnrin náà yóò wá jókòó nídìí tábìlì, yóò fọwọ́ sí àwo, yóò fọwọ́ sí gìtá, yóò wo ojú ọmọdé tí ó gbé gìtá wá, yóò bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọdé náà ni ó kàn jù lọ nínú ilé. Bí ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà bá sì dé iwájú rẹ̀, ìlà tí ó tò lẹ́yìn á dúró, nítorí Dale kì í kánjú lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ní àárín àwọn ọdún 1960, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ń dínkù nítorí pé àwọn Beatles àti àwọn ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ojú ọjà, ni jẹjẹrẹ ìfun ìsàlẹ̀ mú un, tí àwọn dókítà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù lórí rẹ̀. Ó yè é. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn náà padà wá, àtọ̀gbẹ tẹ̀lé e, kíndìnrín sì ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2015 ó sọ fún àwọn oníròyìn láìfi bò pé àpò ìgbẹ́ wà lára ikùn òun lórí pèpéle, pé òun ní láti wá nǹkan bí 3,000 dọ́là lóṣooṣù fún ohun ìtọ́jú nìkan, àti pé bí òun kò bá lọ ṣeré, òun kò ní rí owó náà san. Ẹni ọdún 78 ni nígbà náà.

Àwọn kan wá fi èyí ṣe ẹ̀sùn: wọ́n ní nítorí ọjà tí ó ń tà lórí tábìlì ni ó ṣe ń jókòó pẹ́. N kò gba ẹ̀sùn yìí. Òòtọ́ ni pé ó ń ta àwo àti aṣọ, ó sì nílò owó náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó nìkan bá ń lé kiri kì í fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn tán kí ó tó béèrè bóyá yóò ra nǹkan. Kí a gba ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí: ọkùnrin tí kò ní ìlera pín ìwọ̀nba agbára tí ó kù fún un fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Èyí ni ó mú mi ronú títí mo fi dé ibi tí mo dúró sí báyìí. Gbogbo àwọn tí ń jiyàn ni wọ́n gbà pé ìgbéraga àti ìwà ọ̀làwọ́ ọkùnrin yìí ń bá ara wọn jà, pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbòjú fún èkejì. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìyá kan náà ni ó bí wọn. Ènìyàn tí kò bá ka ara rẹ̀ sí nǹkan kan, báwo ni yóò ṣe gbà pé jíjókòó tí òun jókòó ti aláìsàn lè fi agbára kún agbára rẹ̀? Dale gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé agbára kan wà nínú òun, agbára tí ó ti bá kìnnìún àti ẹkùn gbélé, nítorí ó sin wọ́n ní ilé rẹ̀ ní tòótọ́, agbára tí ó ti gun ìgbì, tí ó ti fọ́ áńpílífáyà, tí ó sì ti lé ikú padà lẹ́ẹ̀kan. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó mú kí ó máa pe ara rẹ̀ ní ọba lójú àwọn oníròyìn títí ó fi sú àwọn mìíràn. Ìgbàgbọ́ kan náà ni ó gbé e jókòó nídìí tábìlì di òru, nítorí pé ó dá a lójú pé bí òun bá di ọwọ́ ẹnìkan mú, nǹkan yóò ti ara òun lọ sára onítọ̀hún. Bí a bá gba ti àkọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ti èkejì yóò ṣẹ́ kù. Ọba ni ó ń ta ọrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ní ti ogún tí ó fi sílẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí kò sí iyàn níbẹ̀. Ní ọdún 1987 òun àti onígìtá Stevie Ray Vaughan jọ ta orin Pipeline fún fíìmù kan. Ní ọdún 1994 fíìmù Pulp Fiction gbé Misirlou rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí ó kọ́kọ́ ta á sì wá di olólùfẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn Black Eyed Peas tún fi í ṣe ìpìlẹ̀ orin Pump It. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé orin tí gbogbo ayé mọ̀ yìí kò lè ra oògùn fún ẹni tí ó ta á. Bí àwọn olólùfẹ́ bá fẹ́ bínú, ibí yìí ni kí wọ́n ti bínú: pé ní orílẹ̀-èdè tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀, arúgbó aláìsàn tí ó fi ohùn tuntun sínú gìtá ní láti máa rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú kí ó tó lè san owó ilé-ìwòsàn. Bí a bá fi wé èyí, ọ̀rọ̀ bóyá ó pe ara rẹ̀ ní ọba lẹ́ẹ̀kan tàbí nígbà ẹgbẹ̀rún kò tó nǹkan.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Kí àwọn tí ń kọ ìtàn kọ ọ́ ní pípé: kí wọ́n kọ Leo Fender àti Freddie Tavares, kí wọ́n kọ àwọn Belairs sí ọdún 1961 tí ó tọ́ sí wọn, kí wọ́n má fi Demetriades sílẹ̀, kí wọ́n sì yọ ti Hendrix kúrò títí ẹ̀rí yóò fi wà. Nígbà tí wọ́n bá kọ gbogbo èyí tán, Dick Dale yóò ṣì jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò lè tì í kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń jiyàn lórí rẹ̀, ẹ gbé Mr. Moto àti Let's Go Trippin' sórí ẹ̀rọ ní ìjókòó kan náà, kí ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọ etíkun méjèèjì ti ta á. Jimmie, ọmọkùnrin rẹ̀, onígìtá ni òun náà, ó ti bá baba rẹ̀ gun pèpéle láti kékeré. Bí ó bá wá ṣeré ní ìlú yín, ẹ lọ wò ó, kí ẹ san owó ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì ra àwo kan nídìí tábìlì rẹ̀ kí ẹ tó padà sílé.